"Kì Í Kúkú Nà Án": Ìjẹgàba Inú Ilé àti Òfin Tó Sọ Ọ́ Di Ẹ̀ṣẹ̀

Nínú agbo ilé tí mo gbé dàgbà ní Ìbàdàn, baálé kan wà tó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, baba náà á fa àpótí jókòó ti ìkòkò, á ti ṣíbí bọ inú rẹ̀, á máa gbé ẹran sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀rìnlá. Iye tó bá kà sùn ló gbọ́dọ̀ bá nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àfi èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá pín. Òun ló ń ra ata. Òun ló ń wọn gàrí. Bí ìyàwó bá lọ sọ́jà Mọ́kọ́lá, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dé. Bó bá fi díẹ̀ pẹ́, baba á ti dúró sẹ́nu géètì, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àbúrò obìnrin náà wá kí i lẹ́ẹ̀kan, ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, kò wá mọ́.

Àwa ọmọdé ń fi baba náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ń pè é ní ahun. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà ṣara gírí, tó lọ fẹjọ́ sun ìyá tó dàgbà jù nínú agbo ilé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá bi í: "Ṣé ó ń nà ẹ́ ni?" Ó ní, "Rárá, Ìyá." Ìyá ní kó máa padà sílé, kó lọ ní sùúrù, ọkọ rẹ̀ kì í mutí, kì í sùn síta, kì í kúkú nà án. Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìyá àgbà yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀ sí ìyà ló béèrè. Ìbéèrè yẹn kan náà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bi àwọn obìnrin ibẹ̀ títí di òpin ọdún 2015. Ọlọ́pàá tí wọ́n bá ké sí á wọlé, á wo ojú bóyá ó wú, á wo apá bóyá ó kán, á wo ilẹ̀kùn bóyá ó fọ́. Bí kò bá rí nǹkan kan, á ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, á bá tirẹ̀ lọ. Bó bá sì rí ojú tó wú, ojú tó wú lónìí yìí nìkan ni ilé ẹjọ́ máa gbọ́. Ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn. Òfin kan ti wà láti ọdún 1997 tó ka yíyọ ènìyàn lẹ́nu léraléra sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 2010 àti 2011, àwọn adájọ́ ní òfin yẹn kò bá àwọn tó jọ ń gbé pọ̀ mu, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń parí ìjà láàárín ara wọn.

Lára àwọn tó la ojú ayé sí ohun tó fara sin yìí ni Evan Stark, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Anne Flitcraft, tó jẹ́ dókítà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ìwé àwọn obìnrin tó ń wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn wò ní New Haven. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọgbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan. Ara bó, ara wú, dókítà á fi nǹkan pa á, wọ́n á lọ. Wọ́n á tún padà wá. Wọ́n á tún padà wá. Bí ọgbẹ́ bá kéré tó báyìí, kí ló dé tí ẹni tó ni ín kò lè jáde nílé náà? Nínú ìwé tí Stark tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, Coercive Control, ó dáhùn pé ìgbátí kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jẹgàba lé ẹnìkejì lórí ń gba òmìnira rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni: owó rẹ̀, àkókò rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀, oorun rẹ̀, irú aṣọ tó máa wọ̀. Ó fi í wé bí àwọn ajínigbé ṣe ń ṣe ẹni tí wọ́n gbé pamọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú ilé ẹni tí wọ́n gbé ni wọ́n ti ń ṣe é, kọ́kọ́rọ́ ilé náà sì wà lápò ẹni náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra adìẹ tuntun lọ́jà rí kò ní pẹ́ kó tó yé e. A ó fi àkísà so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó, a ó máa da àgbàdo síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ó tú okùn. Adìẹ náà kò ní lọ. Ibi tí okùn gùn dé lánàá ni yóò máa jẹ̀ yíká lónìí.

Mo rí èyí lójú obìnrin agbo ilé wa. Nígbà kan, ọkọ rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí Kánò, ó lo oṣù méjì gbáko níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí obìnrin náà tó ń sáré bọ̀ láti ọjà, òógùn bò ó, bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ nítorí ó já lọ́nà. Kò sẹ́ni tó dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó dé ibẹ̀, ó dúró, ó wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí baba máa ń dúró sí, kó tó wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó fa àpótí, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹran.

Ohun tí òfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá láti mú nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Serious Crime Act ti ọdún 2015, abala 76 rẹ̀ ló kan ọ̀rọ̀ yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló ga jù níbẹ̀. Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ yẹ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ wò, nítorí àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ àti àwọn tó ń yìn ín, ọ̀pọ̀ wọn ni kò kà á.

Òfin náà kò ka ìwà kan ṣoṣo sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìwà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra tàbí láìdáwọ́ dúró. Ibí yìí ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Kò sí òfin kankan tó ní kí baálé má ka ẹran inú ìkòkò rẹ̀. Kò sí èyí tó ní kí ọkọ má béèrè ìgbà tí aya rẹ̀ máa dé, tàbí kí aya má béèrè ti ọkọ rẹ̀. Bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wá síwájú adájọ́, ẹ̀rín ni yóò rín. Wóró ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n. Òfin yìí wá ní kí adájọ́ yéé mú wóró kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́, kó fa okùn tó so gbogbo wọn pọ̀ jáde, kó wo ọrùn ẹni tí wọ́n so ó mọ́.

Àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí nǹkan so pọ̀: tọkọtaya, àfẹ́sọ́nà, olólùfẹ́, tàbí ẹbí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò sí nínú èyí, ọ̀tọ̀ ni òfin tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè ohun tí ìwà yẹn ti ṣe fún ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí. Ọ̀nà méjì ni òfin là sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti bẹ̀rù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, pé wọ́n máa lo ipá sí òun. Tàbí kó jẹ́ pé ìdààmú ọkàn rẹ̀ ti pọ̀ débi pé bó ṣe ń gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́ ti yí padà sí burúkú gan-an: ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti yéé lọ sí ilé ìyá rẹ̀, ó ti yí ọ̀nà tó ń gbà sílé, kò lè sùn, kò lè fún ọmọ lóúnjẹ láìkọ́kọ́ gbàṣẹ. Obìnrin tó ń sáré ti ọjà bọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Kánò, abẹ́ ọ̀nà kejì yìí ló bọ́ sí pátápátá.

Ní ìgbẹ̀yìn, olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe yóò ní irú àbájáde bẹ́ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó yẹ kó mọ̀. Gbólóhùn "ó yẹ kó mọ̀" yìí ṣe pàtàkì. Ọkùnrin kan lè búra tọkàntọkàn pé ìfẹ́ ló ń ṣe òun. Ilé ẹjọ́ kò ní dúró sórí ìbúra rẹ̀ nìkan. Wọ́n á béèrè ohun tí ẹni tó ní làákàyè, tó mọ gbogbo ohun tí òun náà mọ̀, ì bá rí.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí ojú tó wú? Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ní Peckham, ní London, ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀. Aago mẹ́ta ló ń ṣíwọ́ iṣẹ́. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ara rẹ̀ níbùdókọ̀, kí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì hàn lẹ́yìn rẹ̀, kó fi í ránṣẹ́ sọ́kọ. Bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, ìpè á bẹ̀rẹ̀: mẹ́rin, mẹ́wàá, ogún. Owó oṣù rẹ̀ ń wọ àkáǹtì láàárọ̀, ó ti bọ́ sí àkáǹtì ọkọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bó bá ra búrẹ́dì, ó gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì àti ṣéńjì wálé. Ọkọ kò gbọ́wọ́ sókè sí i rí.

Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí ọkọ yìí fi ń dè é ló ń kọ ìwé ẹ̀rí sílẹ̀. Fọ́tò ibùdókọ̀ náà ṣì wà lórí WhatsApp, pẹ̀lú aago lára. Àwọn ìpè ogún náà wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù. Báńkì lè fi oṣù mẹ́rìnlélógún hàn tí owó oṣù kò sùn mọ́jú nínú àkáǹtì ẹni tó ṣiṣẹ́ gbà á. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa sọ iye ìgbà tó fi omijé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tètè lọ. Dókítà rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ àìrí-oorun-sùn. Àbúrò rẹ̀ mọ oṣù tí wọ́n ti ríra gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ ni kó to àwọn nǹkan wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ òní, kí okùn inú ìlẹ̀kẹ̀ lè hàn. Iṣẹ́ agbára ni. Ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ láti máa wo ẹgbò nìkan kò lè ṣe é láìtún ẹ̀kọ́ kọ́, ibí yìí sì ni òfin náà ti ń kọsẹ̀ jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀sùn ló ń wọ ìwé ọlọ́pàá lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń dé iwájú adájọ́. Òmíràn, ẹni tó fẹjọ́ sùn á yọwọ́, nítorí ẹ̀rù, nítorí ọmọ, nítorí owó ilé.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń bínú sí òfin yìí, àwọn ọkùnrin dáadáa pàápàá. Wọ́n ní, "Ṣé bí mo bá bi ìyàwó mi pé níbo lo ń lọ, ẹ̀wọ̀n ni?" Rárá o. Tọkọtaya tó jókòó ti ara wọn, tí wọ́n jọ ṣètò owó oúnjẹ nítorí owó ilé wọ́n, kò sí ẹni tó jẹ gàba lé ẹnìkan lórí níbẹ̀. Ọkọ tó gba káàdì báńkì lọ́wọ́ aya tó ń fi gbogbo owó ilé ta tẹ́tẹ́ dànù lè ní àwáwí gidi: òfin fúnra rẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbà pé ire ẹnìkejì ni òun ń wá, bí ohun tó ṣe bá mọ́gbọ́n dání nínú ipò tí ọ̀rọ̀ náà wà. Àmọ́ àwáwí yẹn kò bo ẹni tó mú kí ẹnìkejì máa bẹ̀rù pé wọ́n máa lu òun. Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń mọ ìyàtọ̀, kò sí nínú ìwé òfin. Mo máa ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkejì bá sọ pé "rárá". Níbi tí ìfẹ́ bá wà, "rárá" ń mú àríyànjiyàn wá, bóyá ìbínú, lẹ́yìn náà oúnjẹ á délẹ̀. Níbi tí ìjẹgàba bá wà, ẹnìkejì ti gbàgbé ìgbà tó sọ ọ́ gbẹ̀yìn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọkọ ni olórí aya. Ó dáa. Orí kì í sé ọ̀nà ọ̀fun ara tirẹ̀.

Ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ jẹ́ ẹjọ́ abala 76. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, Sally Challen, obìnrin kan ní Surrey, fi òòlù pa ọkọ rẹ̀, Richard. Ní 2011, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n gbére. Nígbà yẹn kò sí ọ̀rọ̀ tí òfin lè fi pe ọ̀pọ̀ ọdún tó ti lò lábẹ́ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn tí òfin ti yí padà, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ padà lọ, David ọmọ rẹ̀ sì dúró gbangba níta, ó ń sọ ohun tí ojú wọn rí nílé. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ẹ̀bi ìpànìyàn náà. Ní oṣù Kẹfà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba gbà pé kó jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí ìlera ọpọlọ rẹ̀ lásìkò náà, ó sì rìn jáde nítorí ó ti lo iye ọdún tó tọ́ sí i. Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Adájọ́ kò sọ pé ẹni tí wọ́n bá jẹgàba lé lórí lè pànìyàn kó mú un jẹ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rí tuntun ti jáde tí àwọn tó kọ́kọ́ dájọ́ kò gbọ́. Ọkọ kú, ìyàwó lo ọdún bíi mẹ́sàn-án lẹ́wọ̀n, àwọn ọmọ pàdánù òbí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò mi ni pé ká ní ẹnìkan ti lè pe nǹkan náà lórúkọ ní ogún ọdún ṣáájú, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì wà láàyè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ilé méjì.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn náà nìyí. Ní Skọ́tílándì, òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ sì lè tó ọdún 14. Wọn kò ní kí obìnrin wá fi hàn pé òun ti fọ́ yángá kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Bí ìwà náà bá jẹ́ èyí tí ẹni tó ní làákàyè mọ̀ pé ó lè pa ènìyàn lára tàbí kó da ọkàn rẹ̀ rú, tí ẹni tó hu ú sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tí kò bìkítà, ó ti tó. Wọ́n sì ń fi kún ìjìyà náà bí ọmọ bá wà nínú ọ̀rọ̀. Èmi fara mọ́ tiwọn ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí obìnrin Yorùbá tí wọ́n ti kọ́ pé kó máa mú un mọ́ra lè dúró níwájú adájọ́ láìsunkún, kí wọ́n sì rò pé kò dùn ún. Ilẹ̀ Ireland náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Kìíní 2019. Ní Ọsirélíà, ìpínlẹ̀ Tasmania ti ka fífi owó àti ọ̀rọ̀ jẹ ẹnìkejì níyà sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 2004. New South Wales tẹ̀ lé e ní oṣù Keje 2024, Queensland ní oṣù Karùn-ún 2025. Lára ìdí tí ti Queensland fi dé ni ikú Hannah Clarke, tí ọkọ tó ti fi sílẹ̀ dáná sun pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn mẹ́ta nínú ọkọ̀ ní Brisbane, ní oṣù Kejì ọdún 2020. Àwọn òbí rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé Hannah kò kà á sí pé wọ́n ń fìyà jẹ òun nínú ilé, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í nà án. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà Ìbàdàn ni, lẹ́nu àwọn òyìnbó, ní ìkángun ayé.

Ikú Hannah tún fi nǹkan mìíràn hàn: ìjẹgàba kì í parí lọ́jọ́ tí obìnrin bá kó ẹrù jáde. Ìgbà yẹn gan-an ló ń léwu jù. Abala 76 bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ kò mú tọkọtaya tó ti pínyà, tí wọn kò jọ gbé mọ́. Òfin ọdún 2021 lórí ìyà inú ilé ló tún un ṣe, àtúnṣe náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2023. Láti ìgbà náà, ọkọ àárọ̀ tó ń fi owó oúnjẹ ọmọ di ìyá ọmọ náà mú, tó ń fi ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ padà sílé dá a lóró, lè dé iwájú adájọ́. Ẹbí tí kò gbé lábẹ́ òrùlé kan náà wọ inú rẹ̀. Kí àwọn ìyá ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń pàṣẹ fún ìyàwó ilé láti òkèèrè, tó ní kí ó máa kó owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́, mọ èyí.

Mo ní láti bá àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba sọ̀rọ̀ tààrà, nítorí ohun èlò kan wà lọ́wọ́ wa níbẹ̀ tí òyìnbó kò ní: físà. Ọ̀kan nínú tọkọtaya ló gba físà iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́, ẹnìkejì tẹ̀ lé e. Páásípọ́ọ̀tù méjèèjì wà nínú àpótí kan, kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde nígbà tí ìjà bá dé ni: "Máa dá ẹ padà sí Nàìjíríà. Ìwé ẹ wà lọ́wọ́ mi." Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ló ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ló jẹ́ pé àwọn ló mú ọkọ wá. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì ní Èkó wá ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ aya, bó bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á rán an létí ẹni tó ni físà. Bí obìnrin bá ń jẹ gàba, òfin kò ní ojú ìyàtọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni.

Irọ́ ló pọ̀ nínú ìhàlẹ̀ yẹn. Ọkọ tàbí aya lè lọ sọ fún ìjọba pé àwọn ti pínyà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé físà ẹnìkejì. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú nìkan ló ní àṣẹ yẹn. Ètò kan sì wà tó ń fún ẹni tí àjọṣe rẹ̀ túká nítorí ìyà inú ilé ní àyè oṣù mẹ́ta láti dúró àti láti gba ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni tó tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ wá náà lè béèrè fún un. Kì í ṣe ìwé ìgbélùú títí láé fún irú wọn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta pọ̀ lójú ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kò ní ọ̀la kan.

Ilé wá ńkọ́? Ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ọdún 2015 yẹn náà, oṣù díẹ̀ ṣáájú kí abala 76 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP. Ààrẹ Goodluck Jonathan ló fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún, Abuja ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀. Fífi owó de ènìyàn mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló ga jù tàbí owó ìtanràn. Fífi ipá ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Dídá ọkàn ènìyàn lóró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti ìwà wà níbẹ̀, ọdún kan ni tirẹ̀. Èkó ti ṣáájú gbogbo ìyẹn pẹ̀lú òfin tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ní ọdún 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011.

Ẹ rí i pé wóró ìlẹ̀kẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kódà wóró wa pọ̀ ju tàwọn òyìnbó lọ. Okùn ni kò sí. Obìnrin agbo ilé wa ì bá ní láti mú ẹ̀sùn owó wá lọ́tọ̀, ẹ̀sùn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n lé lọ́tọ̀, ẹ̀sùn ọkàn tó bàjẹ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ohun kékeré. Bí mo bá jẹ́ aṣòfin ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́, abala kan ṣoṣo ni n óò fi kún òfin wa: kí ilé ẹjọ́ lè mú gbogbo ìwà wọ̀nyí pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ kan, kí ìjìyà rẹ̀ sì wúwo ju ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ.

Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ fún mi pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé ọ̀rẹ́ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kóòtù fẹ́ bà jẹ́. Àwọn àgbà ilé, pásítọ̀ àti àlùfáà wa ló kọ́kọ́ ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ọlọ́pàá, wọ́n á sì máa gbọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún kéré gan-an. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bi obìnrin náà pé "ṣé ó ń nà ẹ́?", tó bá ní rárá, ẹ má tíì ní kó máa lọ. Ẹ bi í bóyá owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í ìgbà tó rí ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ bi í ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá pẹ́ délé lọ́jọ́ òní tó wá bá yín yìí.

Fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó ń ka ìwé yìí ní Ìlú Ọba: nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ìyà inú ilé ni 0808 2000 247, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Bí ewu bá ti dé tán, tí o kò sì lè sọ̀rọ̀ nítorí ẹni náà wà nítòsí, fi fóònù alágbèéká pe 999, wúkọ́ tàbí kí o fi ọwọ́ kan fóònù náà bí wọ́n bá bi ọ́, lẹ́yìn náà kí o tẹ 55; wọ́n á so ọ́ pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá láìjẹ́ pé o la ẹnu. Ní Èkó, 08000 333 333 ni ti àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé. Kọ àwọn nọ́ńbà yìí sórí ìwé, má fi wọ́n pamọ́ sínú fóònù tí ẹlòmíràn ń yẹ̀ wò.